Ojúde ni àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Èsì olùkọ́ kan lórí “ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká fi “ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́” pe social media nínú àtòjọ ọ̀rọ̀ tí à ń tò fún àwọn olùkọ́. Àwọn kan ti fọwọ́ sí i, àwọn mìíràn ní “ìkànnì àwùjọ” ló péye jù. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níwájú àwọn ọmọ ló sì fà á.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú “ìkànnì àwùjọ” kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè yé. Bí a bá ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tán tí ọmọ ṣì ní láti lọ kọ́ èdè mìíràn kó tó mọ ohun tí à ń wí, kí la wá ṣe?

“Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́” gan-an ni ìjà wà. Ó dùn lẹ́nu, mo gbà, ó sì bá ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan ọ̀hún mu: nígbà tí Facebook dé lọ́dún 2004, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè mọra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí orúkọ yẹn ń sọ fún ọmọ ọdún 13, ìyẹn ọjọ́ orí tí Facebook fúnra rẹ̀ ní kéèyàn tó kó tó forúkọ sílẹ̀. Ó ń sọ fún un pé ọ̀rẹ́ ni gbogbo ẹni tó bá pàdé níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ kẹ̀? Ẹni tí kò rí ojú rẹ̀ rí, tí kò mọ bàbá rẹ̀, tí kò mọ ìyá rẹ̀?

Kò tán síbẹ̀. Ọmọ yẹn náà á wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n di ọ̀rẹ́ òun. Irú ẹ̀ ti dé ọwọ́ mi rí. Lédè wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bá tilẹ̀ fẹ́ràn ara wọn dé ibi tó lágbára, a kì í pè wọ́n lọ́rẹ̀ẹ́. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pè ní “ọ̀rẹ́ tíṣà”, wọ́n ń bú u ni. Mi ò gbà á, mo sì pe ọmọ náà ṣàlàyé fún un kó má baà rò pé mò ń bínú sí i. Kò ní mí lára bí kò bá jẹ́ pé àwa la fẹ́ fi ọwọ́ ara wa kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé olùkọ́.

(“Ọmọlẹ́yìn” tí àwọn kan ń lò fún àwọn tó ń tẹ̀lé èèyàn lórí X àti Instagram, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù. “Olùtẹ̀lé” ti tó.)

Àbá tèmi ni pé nǹkan méjì là ń pè ní orúkọ kan, ká sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni “ojúde ayélujára”. Ojúde ni ibi tí ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, tí onílé kò sì lè ní kó má wò. Facebook, X, TikTok, YouTube, ojúde ni gbogbo wọn. Èkejì ni “ọ̀dẹ̀dẹ̀”, èyí tí mo fẹ́ ká lò fún àwọn agbo tí à ń dá sílẹ̀ fún kíláàsì lórí WhatsApp tàbí Telegram. Wọ́n ní láti mú èèyàn wọlé kó tó dé ibẹ̀, ẹni tó dá agbo sílẹ̀ sì mọ iye ẹni tó jókòó. Síbẹ̀ kì í ṣe ìyẹ̀wù, ohùn ibẹ̀ máa ń jáde síta. Ẹnì kan kọ̀wé níbí pé ibi àṣírí ni agbo WhatsApp. Láti ọdún 2022 ni agbo kan ti lè gba èèyàn 1,024. Ìyẹ̀wù ta ló gba èrò tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ méjèèjì ni pé wọ́n ṣeé fi bi ọmọ ní ìbéèrè. “Ohun tí o fẹ́ kọ yìí, ṣé o lè dúró sí ojúde kí o pariwo rẹ̀?” Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì pa á rẹ́. Ẹ wá fi “ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́” bi í ní ìbéèrè kan náà, ẹ wò ó bóyá ohun kan á yí padà lójú rẹ̀. Nígbà tí Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, iwájú ọmọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n á ní ọmọ òde òní kò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ti rí àṣá tó já wálẹ̀ gbé adìyẹ, tí a sì ń pe kọ̀ǹpútà ní ayárabíàṣá fún wọn? Èmi ò tilẹ̀ ka ayárabíàṣá sí orúkọ, oríkì ni. Eré sísá nìkan ló yìn, kò sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ẹ wo “asọ̀rọ̀mágbèsì” tí àwọn àgbà fi pe rédíò: ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Ó tán. Ẹni tó ṣẹ̀dá ìyẹn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin ẹ̀rọ àti èèyàn, ohun tí olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ máa wò náà nìyẹn. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní orúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ, asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Fídíò tó ń kọ́ni ní ìṣirò kò mọ̀ pé ọmọ ti sọnù láti ìṣẹ́jú kejì. Ìròyìn tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, gbé jáde lọ́dún 2023 náà kìlọ̀ pé kí ẹ̀rọ má gba ipò ìfojúkojú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ó kan “fẹ́ràn” tí wọ́n fẹ́ fi pe àmì àtàǹpàkò. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo kéde nínú agbo kíláàsì pé bàbá ọ̀kan nínú wọn ṣaláìsí, àtàǹpàkò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni? “A ti gbọ́” ni wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ mìíràn mo ṣàlàyé pípín ìdá sí ìdá, àtàǹpàkò kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ ½ ÷ ¼ sójú pátákó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 1/8 ni ọ̀pọ̀ wọn kọ fún mi dípò 2. Nítorí náà, “tẹ àtàǹpàkò” ni kí á kọ, ohun tí ọwọ́ ṣe gan-an, kí olùkọ́ má baà tan ara rẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ tí a gbà tí a sì tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, “àtagbà” tí àwọn oníròyìn ti ń lò tó mi. Ta-gbà: ẹnì kan ta, ẹnì kan gbà. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá pé èèyàn lè fi ojú lásán rí Odi Ńlá Ṣáínà láti orí òṣùpá, èyí tí kì í ṣe òótọ́. Mo ní, “Ta ló ta á sí ọ?” Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. “Ta ló ta á sí ẹ̀gbọ́n rẹ?” Kò mọ̀. Gbogbo kíláàsì ti wá ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ báyìí, títí kan ìgbà tí kò yẹ. WhatsApp fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí àtagbà lọ́dún 2018, ó sì ní lọ́dún 2019 pé ẹni tàbí agbo márùn-ún péré lèèyàn lè ta á sí lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni kéèyàn ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù, bí wọ́n ṣe ń kó ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde sí ojúde. “Yíya ojú fóònù” ni mò ń lò fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ní ó jọ pé fóònù fàya. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ kọ́ wọn nípa rẹ̀.