Tí apá kan orílẹ̀-èdè bá gba òmìnira: ta ló di ọmọ ibo, páṣípọ́ọ̀tì àtijọ́ ńkọ́?

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Súdàn àti Gúúsù Súdàn ni mo bá wá. Gúúsù dìbò ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ó sì di orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún náà. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ girama ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àsíá àti orin orílẹ̀-èdè. Ẹ wo ẹni tí bàbá rẹ̀ wá láti Malakal ní Gúúsù, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Omdurman ní Súdàn, tí wọ́n bí sí Khartoum, olú-ìlú Súdàn, tí kò sì dé Gúúsù rí. Ọmọ ibo ni òfin pè é nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́? Ṣé òun ló yàn ni, àbí wọ́n yàn fún un? Páṣípọ́ọ̀tì Súdàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Lọ́yà_Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ náà, Olùkọ́. Lórí ẹni tí ẹ sọ yìí, wọ́n yàn fún un ni, wọn ò sì bi í léèrè. Àmọ́ òfin méjì lẹ máa kà pọ̀ kó tó yé àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ka ti Juba, olú-ìlú Gúúsù, nìkan á rò pé kò sí wàhálà.

Òfin Juba, tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú òmìnira, lawọ́ gan-an. Bí wọ́n bá bí òbí èèyàn sí Gúúsù, tàbí òbí òbí rẹ̀, tàbí ẹni tó bí àwọn yẹn pàápàá, ọmọ Gúúsù ni, ì báà jẹ́ láti ìhà bàbá tàbí ìhà ìyá. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà, ọmọ Gúúsù ni. Bí òun, òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá sì ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1956, ìyẹn ọjọ́ tí Súdàn fúnra rẹ̀ gba òmìnira, ọmọ Gúúsù náà ni. Òfin yìí tún gbà kéèyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ̀.

Ní Khartoum ni pàkúté wà. Ní ọdún 2011 kan náà, wọ́n tún òfin ọmọ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1994 ṣe: ẹnikẹ́ni tó bá ti di ọmọ Gúúsù Súdàn, ì báà jẹ́ lójú òfin tàbí ní ti ìṣe, kì í ṣe ọmọ Súdàn mọ́ láti ìṣẹ́jú náà. Bí bàbá bá pàdánù tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré á bá a lọ. Súdàn gbà kéèyàn jẹ́ ọmọ Súdàn àti ọmọ ilẹ̀ mìíràn pọ̀, Gúúsù nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀.

Ẹ wá pa méjèèjì pọ̀. Òfin Juba ka ọmọ Khartoum yìí mọ́ tirẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀, láìjẹ́ pé ó béèrè. Òfin Khartoum sì yọ ẹni tí Juba bá ti kà. Ọmọ náà lè máà ní ìwé Juba kankan lọ́wọ́, kí wọ́n ṣì gba ti Súdàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ nìkan jẹ́ ọmọ Gúúsù bọ́ sínú ọ̀fìn kan náà bí a bá tẹ̀lé òfin bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ti ìyá ará Omdurman ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2005 sọ pé ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Súdàn ní ẹ̀tọ́ tí a kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti jẹ́ ọmọ Súdàn. Gbólóhùn yẹn làwọn lọ́yà gbé lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọba kì í ka òfin ìpìlẹ̀. Orúkọ àti ẹ̀yà bàbá ló máa ń wò.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò sí ìwé ìkìlọ̀, kò sì sí ìjẹ́jọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ni orí tábìlì àwọn tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun, tí wọ́n sọ fún wọn pé orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Gúúsù ti pàdánù iṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìwé tó délẹ̀. Wọ́n fún gbogbo wọn ní oṣù mẹ́sàn-án láti tún ìwé wọn ṣe, ó sì parí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2012. Lẹ́yìn ìyẹn, àjèjì ni wọ́n nílùú tí wọ́n bí wọn sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn òmìnira mẹ́rin ní Addis Ababa, lórí ibùgbé, ìrìn, ọrọ̀-ajé àti ohun-ìní. Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn yẹn kò dá ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè padà fún ẹnikẹ́ni.

Ibodè_Ìdìrókò

Ẹ jẹ́ kí n mú ti páṣípọ́ọ̀tì. Ìwé yẹn kì í kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira. Ìjọba tó fúnni ló ń pinnu. Nínú ètò tí ìjọba Skọ́tlándì gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ṣáájú ìdìbò ọdún 2014, wọ́n kọ ọ́ pé páṣípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba tó wà lọ́wọ́ èèyàn á máa ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ìdìbò náà kò yọrí sí òmìnira, àmọ́ àpẹẹrẹ tó dáa ni. Ti Súdàn le ju ìyẹn lọ: bí ẹni tó ni ín kò bá jẹ́ ọmọ Súdàn mọ́, ìwé náà ti di òfìfo, kódà kí ọdún mẹ́ta ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ó lè fi rìn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀.

Ìjọba tuntun náà kò lè tẹ páṣípọ́ọ̀tì jáde lọ́jọ́ kìíní. Lójú ìwé tó ní àwòrán, ìlà méjì wà nísàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, àmì 44 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà P ló bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́tà mẹ́ta tó ń sọ orílẹ̀-èdè. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn kì í ṣe ohun tí ìjọba kàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú, láti inú àkójọ àgbáyé ló ti ń wá. Gúúsù Súdàn wọ àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2011, SSD, lẹ́tà mẹ́ta tiwọn, sì wọ inú àkójọ ní oṣù Kẹjọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012 ni páṣípọ́ọ̀tì wọn tó jáde.

Ní Juba, wọn kì í fúnni ní páṣípọ́ọ̀tì ṣáájú ìwé-ẹ̀rí ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ló gba wàhálà jù. Èèyàn á mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Bí kò bá ní in, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Á mú ìbátan kan dání tó ti gba tirẹ̀, kó wá jẹ́rìí sí i. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè nípa ìlú àti ìran rẹ̀, kí wọ́n tó gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀yà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ibodè, bíi Kakwa àti Acholi lápá Uganda, tàbí Zande lápá Kóńgò, ni ìbéèrè máa ń pọ̀ fún jù. Ẹni tó dàgbà sí Khartoum tí kò ní ìbátan kankan ní Juba ńkọ́? Ibẹ̀ ni tirẹ̀ ti há.

Ẹ tún wo Kosti, èbúté orí odò Náílì. Àwọn ọmọ Gúúsù tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé há síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ní ọdún 2012, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri fi ọkọ̀ òfúrufú kó nǹkan bí 12,000 nínú wọn lọ sí Juba. Ìwé ìrìnnà pàjáwìrì ni wọ́n fi rìn, torí páṣípọ́ọ̀tì kò tíì sí lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó kù ni pé páṣípọ́ọ̀tì kò níye lórí ju bí àwọn ẹlòmíràn bá ṣe gbà á lọ. Kosovo kéde òmìnira ní oṣù Kejì ọdún 2008. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba páṣípọ́ọ̀tì wọn, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì gbà pé Kosovo jẹ́ orílẹ̀-èdè.

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ó wá kù kan: bí èèyàn bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò òmìnira, ṣé ìyẹn ti túmọ̀ sí pé ó ti yan ilẹ̀ tuntun? Bí èèyàn bá sì dákẹ́ ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Vienna

Ẹ̀yìn ìdìbò ni wọ́n ti máa ń fún un ní ìtumọ̀, ewu rẹ̀ sì nìyẹn. Nígbà tí Eritrea dìbò láti kúrò lára Etiópíà ní oṣù Kẹrin ọdún 1993, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ tó ń gbé ní Etiópíà forúkọ sílẹ̀, wọ́n dìbò, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ ní Addis Ababa. Etiópíà ṣì ń fún wọn ní páṣípọ́ọ̀tì. Ogun wá dé láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní ọdún 1998, ni ìjọba Etiópíà bá sọ pé ẹni tó bá dìbò yẹn ti di àjèjì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Nǹkan bí 75,000 èèyàn ni wọ́n lé jáde. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀sùn orílẹ̀-èdè méjèèjì sọ ní ọdún 2004 pé ọmọ orílẹ̀-èdè méjì ni àwọn èèyàn náà jẹ́, àti pé kò tọ̀nà bí Etiópíà ṣe kàn gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní ti ẹni tó dákẹ́, Slovenia ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Wọ́n gba òmìnira ní oṣù Kẹfà ọdún 1991. Ẹni tó bá wá láti apá ibòmíràn ní Yugoslavia, tó sì ní ìwé ibùgbé Slovenia ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1990, lè béèrè láti di ọmọ ibẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́fà péré ni. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ló parí. Nǹkan bí 170,000 gbà á. Àwọn tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ro pé ìwé ibùgbé àwọn ṣì wà, ni wọ́n pa orúkọ wọn rẹ́ kúrò nínú ìwé olùgbé ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1992: èèyàn 25,671. Wọn ò fi tó wọn létí. Ẹlòmíràn lọ tún káàdì ṣe, akọ̀wé gbà á, ó fi irin lu ú ní ihò, ó sì dá a padà. Láti ibẹ̀, iṣẹ́ lọ, owó ìfẹ̀yìntì lọ, ilé tó jẹ́ ti ìjọba náà sì lè lọ. Ọdún 2012 ni kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá wọn láre.

Fún ìdí èyí, bí wọ́n bá fi òfin bí irú èyí hàn yín, ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, ẹ wá ọjọ́ tí àyè yóò tì, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀rù bani.

Lọ́yà_Ìbarà

Kí n fi tiwa kún un, Olùkọ́, torí òfin bẹ́ẹ̀ kan àwọn bàbá wa. Kí ó tó di ọdún 1960, ẹni tí wọ́n bí sí inú Kọ́lọ́nì Èkó jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba àti àwọn kọ́lọ́nì rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta sì wà lábẹ́ ààbò ọba lásán, nítorí ilẹ̀ àmójútó ni Abẹ́òkúta. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1960 kó àwọn méjèèjì pọ̀: ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, tó sì wà nínú ọ̀kan nínú ipò méjèèjì ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, di ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Àmọ́ wọ́n fi àfi kan sí i: ó kéré tán, òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbí. Ọmọ tí àjèjì bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó kò wọlé fúnra rẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ ni tirẹ̀. Fún ẹni tí wọ́n bí sókè òkun, bàbá nìkan ni wọ́n wò, wọn ò ka ìyá sí. Bí ẹ bá fún àwọn ọmọ ní ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ òbí àti òbí àgbà wọn pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti bí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rí i fúnra wọn ẹni tí òfin yẹn ì bá gbà àti ẹni tí ì bá yọ sílẹ̀.