Ẹlẹ́dẹ̀ àti mie ní ìlú Pematangsiantar: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ọlọ́pẹ

Ẹ kú ilé o. Àbúrò wa kan béèrè lọ́jọ́ Ajé pé òun ń lọ sí Pematangsiantar, ní àríwá Sumatra ní Indonesia, pé kí ni òun máa rí jẹ níbẹ̀. Mo lo oṣù méjì ó lé díẹ̀ nílùú yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ gbà á lẹ́nu mi.

Ọ̀pẹ ló gbé mi lọ. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ kan wà ní Marihat, lẹ́bàá ìlú náà, níbi tí mo ti lọ kọ́ iṣẹ́ irúgbìn. (Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀ o. Igi mẹ́rin péré ni àwọn Dutch gbìn sí Bogor ní 1848. Ẹ wo bí Indonesia ṣe gba ọjà epo mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí. Ó ń dùn mí, ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.)

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Indonesia, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé ó di ìgbà tí mo bá padà sílé kí n tó tún fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Àṣé n kò tíì mọ Siantar, bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ ìlú náà kúrú. Àwọn ẹ̀yà Batak ló pọ̀ níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì sì ni púpọ̀ nínú wọn. 1861 ni ìjọ HKBP tiwọn kà sí ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn Ṣáínà náà ti ń gbébẹ̀ tipẹ́. Ọ̀nà tí Batak ń gbà se ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀, ti Ṣáínà yàtọ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo dójú ti ara mi. Ebi ń pa mí, mo rí ilé oúnjẹ kan tí wọ́n to abọ́ lé abọ́ sẹ́yìn gíláàsì, mo bá wọlé. Ilé oúnjẹ Padang ni, n kò mọ̀. N kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti to nǹkan bí abọ́ mẹ́wàá síwájú mi. Èyí tí o bá jẹ níbẹ̀ lo máa sanwó rẹ̀. Mo wò ó títí, n kò rí èyí tí mo ń wá, mo wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nínú èdè wọn béèrè: "Babi?" Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbáà. Mùsùlùmí pọ́ńbélé ló ni ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló kó mi yọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó na ìka sí òdìkejì títì, síbi pátákó kan tí wọ́n kọ B2 sí.

B méjì ló wà nínú "babi", òun ni wọ́n ṣe ń pe ẹlẹ́dẹ̀ ní B2. B1 ńkọ́? Ajá ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò kìlọ̀ fún òun. (Ẹ̀yin ará Oǹdó, mo gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibí.) Bí ẹ bá rí BPK, ẹlẹ́dẹ̀ sísun ti àwọn Karo, ẹ̀yà Batak kan, nìyẹn. Lapo sì ni búkà àwọn Batak.

Lapo tí mo sọ di ilé kò ní orúkọ lára ògiri. Màmá tó ni ín, "Inang" ni tọmọdé tàgbà ń pè é, bí ìgbà tá a bá ní "Ìyá". Bó o bá ti wọlé, á kí ọ pé "Horas!" Ẹran ti wà lórí ẹyín iná, ọ̀rá ń kán sí i, ó ń ṣe ṣìì. Á gbé e sórí ìtì igi, á fi àdá ọwọ́ rẹ̀ gé e: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Awọ rẹ̀ ń ró lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀. Ìrẹsì funfun, àwo ata kékeré kan, àti ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún, tí wọ́n fi omi tí wọ́n fún lára àgbọn rírin sè. Ewé ẹ̀gẹ́ tí àwa ń já fún ewúrẹ́! Mo bù ú lẹ́ẹ̀mẹta.

Ata yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Èso kan tó ń jẹ́ andaliman wà nínú rẹ̀, wóró kéékèèké tó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo jẹ ẹ́, mo ní ta ni wọ́n ń fi èyí dẹ́rù bà? Kò pẹ́ tí ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ahọ́n mi kú. Bàbá bàbá mi ni mo rántí, láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú pákò orín-ata lẹ́nu. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá ṣàlàyé fún mi pé ẹbí kan náà ni igi méjèèjì.

Ọmọ Alhaja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ó lè ya yín lẹ́nu pé èmi Mùsùlùmí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ mie pangsit, ìyẹn núdù àti ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pípò wé (òun ni pangsit).

Gbogbo irú rẹ̀, Indomie ni ìyá mi ń pè é. Láti 1995 tí wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà la ti ń jẹ ẹ́, Siantar ni mo ti wá mọ̀ pé "mie" gan-an lorúkọ oúnjẹ náà, "Indo" sì ni ìlú wọn. Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Iléṣà, lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ṣáínà kan láàárọ̀. Ọkùnrin náà bọ mie sínú omi híhó pẹ̀lú asẹ́ onírin, ó gbọ̀n ọ́n jìgì lẹ́ẹ̀mẹta, ó dà á sí abọ́ tí òróró ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó pò ó títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán. Ó to ẹran pélébé-pélébé tí etí rẹ̀ pupa lé e, ó bu omi ọbẹ̀ tí pangsit wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ti di igi ìjẹun mú. Ọkùnrin yìí wo fìlà mi, ó wo abọ́, ó tún wo fìlà. "Ada babi," ó ní. Ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kó yọ ẹran náà kúrò. Ó mi orí, ó fọwọ́ kan ike òróró: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lòun náà. Kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ti adìẹ, tí wọ́n kọ "halal" síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọ Iléṣà jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀, ó ní irú rẹ̀ kò sí ní Medan, olú-ìlú àríwá Sumatra. Ẹ̀yin Mùsùlùmí bíi tèmi, yíyọ ẹran nìkan kò tó o.

Ọ̀dọ́ Ìbàdàn

Mo gbọ́ pé wọ́n ń mu tuak ní lapo. Ṣé ẹmu tiwa náà ni?

Ọmọ Ọlọ́pẹ

Ẹmu ni, àmọ́ kì í ṣe ara ọ̀pẹ tiwa ni wọ́n ti ń dá a. Igi aren ni, irú ọ̀pẹ mìíràn. Wọ́n sì máa ń fi èèpo igi raru sí i, ó ń mú un korò díẹ̀. Lálẹ́, bí gìtá bá ti dún, tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin fún ara wọn, wàá rò pé ìdí ẹmu nílé lo wà.

Màmá Sẹ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gbàgbé àwa tí ìjọ wa kò gba ẹlẹ́dẹ̀ láyè. Ọkọ mi kì í ṣe ọmọ ìjọ, lapo ló ń sáré lọ tí ilé ìsìn bá ti túká. Èmi ní tèmi, mie gomak ni mo jẹ. Mie tó nípọn ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, òun ni "gomak" túmọ̀ sí, wọ́n wá da ọbẹ̀ omi àgbọn òun andaliman lé e. Ó tó ẹni jẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gun ọ̀kan lára àwọn becak, kẹ̀kẹ́ akérò tí alùpùpù BSA ayé ogun Hitler ń fà, ariwo wọn kò ṣeé fẹnu sọ, ó gbé mi lọ mu kọfí ní Kok Tong tó ti wà láti 1925. Ẹni tó wa becak náà gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ mi, mo ti dárí jì í.

Arìnrìn-àjò (èmi tí mo béèrè)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ku ẹyọ kan: ẹnìkan ní wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ se saksang, ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ àwọn Batak. N kì í jẹ ẹ̀jẹ̀. Kí ni kí n wí?

Ọmọ Ọlọ́pẹ

Bó bá ní ẹ̀jẹ̀, "margota" ni wọ́n ń pè é. Ìwọ sọ pé "na so margota". Àmọ́ tètè sọ ọ́ kí Inang tó ki ṣíbí bọ ìkòkò, torí bó bá ti bù ú fún ọ, yóò dúró tì ọ́ títí wàá fi jẹ ẹ́ tán.