Fúréèmù (egungun kẹ̀kẹ́) sẹ̀ǹtímítà 54 àbí 56 fún kẹ̀kẹ́ oníjíà kan?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kẹ̀kẹ́ dáadáa n'Íjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú? Láti abẹ́ itan dé ilẹ̀, láìwọ bàtà, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83. Láti mọ ìwọ̀n fúréèmù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 0.66, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 55, àárín méjèèjì gan-an! Tó bá jẹ́ 54, mo lè fa òpó ìjókòó sókè, bí kò bá ṣáà ti kọjá ìlà òpin tí wọ́n fà sára òpó náà, torí ibẹ̀ ni fúréèmù ti ń ya. Ti 56 ló ń kọ mí lóminú: irin òkè rẹ̀ gùn, ọwọ́ mi sì kúrú. Ṣé stem (irin tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ iwájú fúréèmù) kúkúrú lè tún un ṣe, àbí yóò jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ máa yára yí jù?