Kí ló dé tí Győr kò gba ife Champions League àwọn obìnrin ní sáà 2020/21?

Àkàndé Ìṣẹ́yìn:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá (handball) dáadáa bá mi tú u. Mo ń wo àwọn eré àtijọ́ nínú Champions League àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, sáà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìgbà tí mo dé sáà 2020/21 ni ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú.

Ẹgbẹ́ Győr ti ilẹ̀ Húńgárì ló gba ife náà ní 2017, 2018 àti 2019 léraléra. Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí sáà 2019/20 parí, nítorí náà kò sí ẹni tó gba ife lọ́dún yẹn. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Győr ló ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí tiwọn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì borí wọn nínú ìdíje yìí. Síbẹ̀, ipò kẹta ni wọ́n bá ara wọn níkẹyìn, Vipers láti ìlú Kristiansand ní Nọ́wè ló sì gbé ife lọ, bẹ́ẹ̀ ipò karùn-ún ni Vipers yìí wà láàrin ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Báwo ni ẹni tó wà ní ipò karùn-ún ṣe di olúborí, tí ẹni tí wọn kò borí láti ọdún mẹ́ta sì di ẹni ẹ̀yìn?

Ohun kejì tí kò yé mi ni àwọn èsì 10 sí 0 tí mo rí nínú tábìlì. Kò ṣeé gbàgbọ́ pé ẹgbẹ́ tó pegedé fún ìdíje tó ga jù ní Yúróòpù yóò gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú láìju ẹyọ kan wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àdùkẹ́ Aṣọ́lé:

Àkàndé, àbúrò mi, mo kí ọ. Aṣọ́lé ni mí nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì tẹ̀ lé sáà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ilé ni gbogbo wa wà.

Ti 10 sí 0 ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹnikẹ́ni kò gbá àwọn eré wọ̀nyẹn rárá. Bí àrùn bá wọ inú ẹgbẹ́ kan, tàbí tí òfin orílẹ̀-èdè wọn kò bá jẹ́ kí wọ́n rìnrìn àjò, tí kò sì sí ọjọ́ mìíràn tí wọ́n lè sún eré náà sí, EHF, ìyẹn àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní Yúróòpù, ni yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ tí kò lè wá ni wọn yóò kọ ìpàdánù sí lọ́rùn, wọn yóò sì fún ẹgbẹ́ kejì ní àmì-ayò méjì pẹ̀lú góòlù mẹ́wàá. Nítorí náà, má fi tábìlì sáà yẹn díwọ̀n agbára ẹnikẹ́ni. Àwọn èsì kan wà nínú rẹ̀ tí ilé ìwòsàn àti ẹnubodè kọ, tí kì í ṣe pápá.

Sáà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ní ìsọ̀rí méjì. Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀ ni pé àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ tààrà sí ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ, àwọn tó wà ní ipò kẹta sí ìkẹfà yóò kọ́kọ́ já a mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn méjì ìkẹyìn yóò sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré tí wọn kò gbá ti pọ̀ jù, EHF rí i pé kò tọ́ láti lé ẹnikẹ́ni lọ lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún bọ́ sí ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ.

Wàyí o, Vipers. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ojú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí. Òfin ẹnubodè Nọ́wè le débi pé ẹgbẹ́ àjèjì kò lè wọlé wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, èyí tó mú kí Vipers máa gbá àwọn eré tó yẹ kí wọ́n gbà lálejò ní Kristiansand ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n lò nínú ilé ìtura àti ọkọ̀ òfuurufú. Ẹgbẹ́ Odense ti Dẹ́nímáàkì ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde, lẹ́yìn náà wọ́n yọwọ́ Rostov-Don ti Rọ́ṣíà kúrò nínú àwo, Rostov-Don yìí kan náà ló sì ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí tí Vipers ti ṣe ipò karùn-ún. Ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè rẹ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé Budapest ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n na CSKA Moscow ní 33 sí 30, lọ́jọ́ kejì wọ́n sì na Brest ti ilẹ̀ Faransé ní 34 sí 28 nínú àṣekágbá. Góòlù mẹ́fà ló wà láàrin wọn. Kò sí ẹni tó lè pe ìyẹn ní oríire lásán.

Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Katrine Lunde, nítorí pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni iṣẹ́ aṣọ́lé. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn. Mítà mẹ́fà péré ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sábà máa ń fò wọlé láti bẹ̀ ọ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè orí rẹ, o kò sì ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti ronú, bí o kò bá ti ka èjìká rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Aṣọ́lé tó bá mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta ti ṣiṣẹ́ ńlá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí Lunde ṣe ń dúró lẹ́nu àwọ̀n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ iwájú rẹ̀ bá ṣe àṣìṣe, tí kò pariwo, tí ó kàn ń tò wọ́n padà sí àyè wọn, ni mo fi mọ ìtumọ̀ òwe náà. Ó ti gba ife yìí pẹ̀lú Viborg ní 2009 àti 2010, ó gbà á pẹ̀lú Győr ní 2013 àti 2014 kó tó gbà á pẹ̀lú Vipers. Győr náà ni Nora Mørk, tó ń ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọwọ́ òsì, wà láti 2016 sí 2019, kí ó tó gba ẹgbẹ́ CSM București ti ilẹ̀ Rùmáníà kọjá sí Vipers. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń gba ife ní Győr ló wá ràn Vipers lọ́wọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Debrecen:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́. Mo fẹ́ fi kún un pé bí kò tilẹ̀ sí àrùn, Vipers yóò ṣì wà nínú ìdíje náà, nítorí pé ipò karùn-ún kò lé ẹnikẹ́ni jáde nínú ètò tuntun yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ipò keje àti ìkẹjọ ni àánú EHF bá.

Húńgárì ni mo ti ń kàwé. Lójú àwọn olólùfẹ́ Győr tí mo bá sọ̀rọ̀ níbí, ètò òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Final4 ló jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Títí di 2013, eré méjì ni àṣekágbá, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lájò, bẹ́ẹ̀ ni Győr ṣe borí Larvik ti Nọ́wè lọ́dún náà. Láti 2014 ni wọ́n ti ń kó ẹgbẹ́ mẹ́rin jọ sí Budapest, kí wọ́n gbá gbogbo rẹ̀ tán láàrin ọjọ́ méjì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Győr lábẹ́ ètò yìí. Ní 2016 wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú CSM București nínú àṣekágbá, àfikún àkókò kò yanjú rẹ̀, wọ́n sì pàdánù níbi pẹnáritì láti mítà méje. Ní 2021, nígbà tó ku ìpele kan sí àṣekágbá, Brest tún fi pẹnáritì lé wọn jáde. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò pàdánù láàrin ọgọ́ta ìṣẹ́jú fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta ṣubú nítorí ìju bọ́ọ̀lù bí i márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lu CSKA ní 32 sí 21 fún ipò kẹta. Ẹgbẹ́ tó lè fi góòlù mọ́kànlá na ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí inú wọn bàjẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ tó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eré méjì ni wọ́n gbá pẹ̀lú Brest, ó dá mi lójú pé Győr ni ìbá wà nínú àṣekágbá.

Bàbá Ìlaròó:

Ọmọ mi tó wà ní Debrecen, mo gbọ́ ohun tí o sọ, n kò sì fara mọ́ ọn. Ètò tí o ń bú yìí náà ló fún Győr ní ife mẹ́ta léraléra. Ní 2017, góòlù kan ni wọ́n fi ju Vardar ti ilẹ̀ Makedóníà lọ, 31 sí 30, lẹ́yìn àfikún àkókò. Ní 2018, Vardar kan náà, 27 sí 26, lẹ́yìn àfikún àkókò. Ní 2019, Rostov-Don, 25 sí 24. Bí góòlù kan péré bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dún kọ̀ọ̀kan, a kì bá máa sọ̀rọ̀ ife mẹ́ta lónìí. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni ní Győr kígbe lòdì sí Final4 láwọn ọdún náà.

Ṣé eré méjì ló wá ń fi òdodo hàn ni? Sáà yẹn gan-an ni kí a yẹ̀ wò. Ní ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ, CSM București na CSKA ní 32 sí 27 nílé wọn, CSKA sì na CSM ní 24 sí 19 ní Moscow. Àpapọ̀ wọn dọ́gba, 51 sí 51. CSKA ló tẹ̀ síwájú, nítorí pé góòlù tí wọ́n jẹ lájò pọ̀ ju ti CSM lọ. CSM gbá ọgọ́fà ìṣẹ́jú láìjẹ́ pé wọ́n kéré sí ẹnìkejì, wọ́n sì lọ sílé láìní àǹfààní pẹnáritì pàápàá. Èyí dùn mí ju ti Győr lọ.

Ohun mìíràn tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò ni Brest fúnra wọn. Wọn kò wá sí Budapest láti wá ṣe alábàápàdé oríire. Kò sí ẹgbẹ́ obìnrin Faransé kankan tó dé àṣekágbá Champions League ṣáájú wọn, àní Metz pàápàá tí gbogbo ayé mọ̀ kò dé ibẹ̀, Brest ló sì lé Metz jáde ní ìpele tó ṣáájú Final4. Ana Gros, ọmọ Slovenia tó ń gbá fún wọn, ló ju góòlù jù lọ ní gbogbo sáà náà. CSKA ńkọ́? Ọdún 2019 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nínú ìdíje nìyẹn, wọ́n sì dé Budapest. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ Győr nìkan, a fi ìyà jẹ àwọn yòókù.

Àkàndé Ìṣẹ́yìn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìmọ̀ yín tán. Ó ti yé mi wàyí. N ó padà lọ wo Vipers pẹ̀lú Rostov-Don, nítorí pé mo ti fò ó kọjá, èrò mi ni pé kò ní sí nǹkan níbẹ̀. Bàbá Ìlaròó, mo fara mọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ CSM. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé Vipers tún gba ife náà lẹ́yìn ìyẹn, àbí ọdún àrùn nìkan ni tiwọn?

Àdùkẹ́ Aṣọ́lé:

Wọ́n tún gbà á, ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni. Ní 2022, Győr gan-an ni wọ́n bá pàdé nínú àṣekágbá, kò sì sí pẹnáritì níbẹ̀ rárá, 33 sí 31 ni wọ́n fi borí, nínú pápá ńlá tuntun MVM Dome ní Budapest. Ní 2023, wọ́n na Győr kí wọ́n tó dé àṣekágbá, lẹ́yìn náà wọ́n na Ferencváros ní 28 sí 24, ní Budapest tó jẹ́ ìlú ẹgbẹ́ Ferencváros fúnra rẹ̀, níwájú ènìyàn 20,022. Mẹ́ta léraléra nìyẹn, bíi ti Győr. Pẹ̀lú èyí, ife Lunde pé méje.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń dun èmi títí dòní. Owó kò tó. Ẹgbẹ́ náà ń jẹ gbèsè, àwọn onígbọ̀wọ́ kò lè gbé e mọ́, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2025, láàrin sáà, ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn ti wọko gbèsè, wọ́n sì kúrò nínú Champions League. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní láti wá ẹgbẹ́ mìíràn nínú òtútù oṣù náà. Ole Gustav Gjekstad, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife 2021 yẹn, ti ń tọ́jú ikọ̀ orílẹ̀-èdè Nọ́wè nígbà náà. Győr ti gba ife wọn padà ní 2024, wọ́n sì tún gbà á ní 2025.