Bátìrì wo ni ó yẹ kí n rà fún Camry ọdún 1999?

Ọmọ Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Camry ọdún 1999 tí àwọn ará ọjà ń pè ní "Tiny Light" ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ó sì wà lára rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ ní àárọ̀, ṣe ni ó máa ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Nígbà mìíràn, ìró kẹ́kẹ́ nìkan ni mo máa ń gbọ́, àfi kí àwọn aládùúgbò bá mi tì í. Bátìrì tí ó wà nínú rẹ̀ kò tíì lò tó ọdún méjì. Ẹni tí ń ta bátìrì ní Sábó ní kí n ra èyí tí ó jẹ́ ámpíà 100 (ìwọ̀n iná tí ó lè gbà pamọ́) kí ọkàn mi lè balẹ̀, ríwáyà mi ní 62 ni ti ọkọ̀ náà, àbúrò mi sì ní tòkunbọ̀ tí ó ti Jámánì wá lágbára ju tuntun lọ. Èwo ni kí n rà nínú wọn, kí ni kí n sì wò lára rẹ̀ kí n tó sanwó?

Ríwáyà Èbúté:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bí bátìrì bá kú láìpé ọdún méjì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni ó pa á, nǹkan náà yóò sì pa èyí tí ẹ bá tún rà. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀. Bí ó bá ka fóótì 12.6, ó kún. Bí ó bá ka 12.0, díẹ̀ ni ó kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣáná, kí ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n: ó yẹ kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, alternator, ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná, kò cháàjì dáadáa, tàbí kí bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀; bí ó bá ju 15 lọ, ṣe ni ó ń se ásíìdì inú bátìrì lọ. Ẹ wo orí bátìrì náà pẹ̀lú, nítorí ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó máa ń hù níbẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá.

Ní ti ámpíà 100, kò ní jó sítáàtà yín gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń sọ, torí ìwọ̀n iná tí sítáàtà bá nílò nìkan ni ó máa ń fà. Ìjókòó bátìrì ni ìṣòro. Bátìrì ámpíà 100 gùn ju àyè tí ó wà nínú Camry lọ, bátìrì tí a kò bá sì lè fi irin dè mọ́lẹ̀ dáadáa yóò máa mì nínú gbogbo kòtò ọ̀nà Ìjẹ̀dé, títí àwo òjé inú rẹ̀ yóò fi máa rẹ̀ dànù. Ẹ wá nọ́mbà bíi 55D23L lára rẹ̀: 23 yẹn ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, lẹ́tà ìparí sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí orí pọ́sítíìfù rẹ̀ wà. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kí ẹ fi wé e, torí bí orí bá wà ní òdìkejì, wáyà kò ní dé ibẹ̀; ẹni tí ó bá sì ṣi pọ́sítíìfù gbé fún nẹ́gétíìfù yóò jó fíùsì àti alternator. 62 ti tó yín.

Màmá Ọdọ̀gùnyàn:
Ọmọ mi, òótọ́ ni ríwáyà sọ. Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ń dùn mí ní tèmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe bátìrì ni ó ti ń gbó, bí a lò ó bí a kò lò ó, ooru ilẹ̀ wa sì ń mú kí ó tètè gbó sí i. Èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí ó wá pẹ́ nínú kọ̀ńténà, lè ka 12.6 nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ cháàjì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ṣáná, yóò já wálẹ̀ kọjá 9.6, èyí tí kò yẹ kí bátìrì tí ara rẹ̀ dá ṣe. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́mbà CCA (agbára tí bátìrì fi ń ṣáná nínú òtútù) gàgàrà gba owó lọ́wọ́ rẹ: nínú òtútù díígíríì 18 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, Ìkòròdú kò sì mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni kí o wá lára rẹ̀; bí ó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ lórí àtẹ, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Fún ẹni tí o bá ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ ní ògbólógbòó, kí ó yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí o máa san. Má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tú u nílé láé, nítorí májèlé ni òjé, àwọn ará Ògijo tí wọ́n múlé ti iléeṣẹ́ tí ń yọ́ ọ sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ Ìkòròdú:
Mo dúpẹ́ gan-an ni. 13.1 ni mítà kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì ni ó dẹ̀, wọ́n ti fà á le. A cháàjì bátìrì náà kún, síbẹ̀ ó já sí 8.9 nígbà tí mo ṣáná, nítorí náà 62 ni n óò rà. Wáyà wo ni kí n kọ́kọ́ tú?

Ríwáyà Èbúté:
Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn, kí sípánà má baà kan ara ọkọ̀ kí ó ta iná. Ẹ fi omi gbígbóná àti sódà ìdáná (baking soda) fọ orí wáyà, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi gíríìsì díẹ̀ pa á lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é tán.