Ọgbà iléèwé ní Sokoto, ẹ gbà wá nímọ̀ràn
Ẹ káalẹ́ o. Ṣágámù ni mo wà, àbúrò mi tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Sokoto fẹ́ bá àwọn ọmọ iléèwé dá ọgbà ẹ̀fọ́ sílẹ̀, àmọ́ òjò ibẹ̀ ò pọ̀, oòrùn sì ń jó gbogbo ewé, kí ló lè ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde: Kó má kọ ebè bíi tiwa o! Tiwa ń lé omi lọ ni, níbẹ̀ kó gbẹ́ ilẹ̀ wọnú díẹ̀ kómi lè dúró, kó fi koríko gbígbẹ bò ó, kó sì máa bomi rin ín láàárọ̀ kùtù.

Àgbẹ̀ Ìṣarà: Kó ri ìkòkò amọ̀ mọ́lẹ̀ dé ọrùn, kó rọmi kún un, omi á máa sun díẹ̀díẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Mòríńgà ni kó kọ́kọ́ gbìn.

Ará Ṣágámù: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà, mo ti fi ránṣẹ́ sí i.