Aago ìsáré, òǹkà ìrìn: ohun méjì ló wà lẹ́yìn gíláàsì kan

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá fún ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ẹ̀rọ ìdíwọ̀n iyára" fún mítà tó ń fi eré ọkọ̀ hàn, wọ́n pe ohun tó ń tọ́ka nínú rẹ̀ ní "abẹ́rẹ́", wọ́n sì pe títún irú mítà bẹ́ẹ̀ ṣe ní "ìsọdọ̀tun". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n dárúkọ yìí: mítà dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́ ni mò ń tún ṣe, pàápàá ti Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá. Ìdí nìyẹn tí n ò fi lè dákẹ́.

Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń yí lójú aago, ọwọ́ la ti ń pè é kí wọ́n tó bí wa, ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sì ni ojú. Mítà ọkọ̀ ní ojú, ó ní ọwọ́. Aago ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà la fi ń pe tẹlifóònù, kò kọ ẹrù. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní "aago eré", àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bi mí bóyá èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. "Iyára" náà ní wàhálà tirẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, iyàrá tí a ń sùn sí lojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí. Nítorí náà, aago ìsáré ni mo fara mọ́.

Ẹ ó ní ṣebí "kìlómítà" làwọn awakọ̀ ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú mítà Morris Minor tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Bìrìtìkó, máìlì ló wà níbẹ̀. Tí ọwọ́ bá dé 60, ọkọ̀ náà ti ń sún mọ́ 97 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni pé ohun méjì ni ọ̀rọ̀ kan yìí ń gbé: eré tí ọkọ̀ ń sá, àti iye ọ̀nà tó ti rìn.

Ọkùnrin kan gbé Ìjàpá bàbá rẹ̀ wá. Ó ní, "Ọ̀gá, kìlómítà ò ṣiṣẹ́." Mo lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà iwájú lápá òsì, torí ibẹ̀ ni wáyà tó ń yí inú mítà Ìjàpá ti ń gbéra: orí rẹ̀ onígun mẹ́rin gba àárín ìdérí gírísì jáde, pínnì kékeré kan sì dì í mú. Wáyà náà kò já. A wa ọkọ̀ náà díẹ̀, ọwọ́ gòkè sí 60, ó sì bọ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo tó wo ihò kékeré tó wà lójú mítà ni mo rí i pé 61408 ò kúrò lójú kan. Ọwọ́ ò kú, nọ́ńbà ló kú.

Wáyà kan ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ó ń yí òòfà kan nínú ife alumíníọ̀mù tí kò fara kàn án rárá. Bí òòfà bá ti ń yí, ife náà á fẹ́ tẹ̀ lé e, sìpíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun á fà á padà, ibi tí agbára wọn bá ti dọ́gba ni ọwọ́ máa dúró sí. Otto Schulze ará Jámánì ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) fún ọgbọ́n yìí ní 1902. Wáyà yẹn kan náà tún ń yí jíà kéékèèké tó ń ti nọ́ńbà síwájú. Eyín ọ̀kan nínú àwọn jíà yìí ló ti ká. Bí wáyà bá já, àwọn méjèèjì a kú pọ̀. Bí jíà bá ká eyín, ọ̀kan a kú, èkejì a máa ṣiṣẹ́ lọ. Báwo ni mẹkáníìkì ṣe máa mọ èyí tí oníbàárà ń sọ bí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan? Èyí àkọ́kọ́ ń díwọ̀n, èkejì ń kà. Òǹkà ìrìn ni kí a pe èyí tó ń kà.

"Ìsọdọ̀tun" wá ni mi ò lè gbà rárá. Nígbà tí mo pààrọ̀ jíà náà tán, ọkùnrin yìí ní kí n dá nọ́ńbà padà sí òdo, kó dọ̀tun. Mo ní rárá. Bàbá rẹ̀ ló rin ìrìn yẹn. Bákan náà ni ojú mítà: búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi gbá eruku rẹ̀, n kì í fi omi kàn án, torí omi lè ṣí àwọn nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, n kì í sì í tún un kùn àfi tí kò bá ṣeé kà mọ́. Ohun tí à ń sọ dọ̀tun, à ń nu ọjọ́ orí rẹ̀ nù. Ìdápadàsípò ni iṣẹ́ yìí ń jẹ́: kó ṣiṣẹ́ bó ti ń ṣiṣẹ́, kó sì máa jẹ́ ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí gíláàsì ká, tí wọ́n ká mọ́ ara mítà, tí mo gbọ́dọ̀ fi sùúrù ká sókè kí n tó rí inú rẹ̀, "ríǹgì" là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. "Òrùka" ò tẹ́ mi lọ́rùn, ti ìka ni. Mo ń rò "etí", bíi etí àwo. Kí lẹ rí sí i?